Wọ́n gbé Duterte lọ sí The Hague: ó dáa àbí kò dáa?

Adéwálé Ìjẹ̀bú: Ẹ̀yin ará, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ní ọjọ́ 11 oṣù kẹta ọdún 2025, ọlọ́pàá Filipínì mú Rodrigo Duterte, ààrẹ wọn àná, ní pápákọ̀ òfurufú Manila bó ṣe ń ti Hong Kong bọ̀. Alẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an ni wọ́n gbé e wọ bàálù lọ sí The Hague ní ilẹ̀ Netherlands, sí ICC, ilé-ẹjọ́ àgbáyé fún ìwà ọ̀daràn, nítorí àwọn èèyàn tí wọ́n pa nígbà tó ń gbógun ti oògùn olóró. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo ní: ṣé ó tọ́ kí ìjọba fa ààrẹ àná lé àjèjì lọ́wọ́, àbí ilé ló yẹ kí wọ́n ti dá ẹjọ́ ẹ̀?

Alábí Mushin: Irú Duterte gan-an la nílò ní Nàìjíríà. Ẹ wá wo àdúgbò mi lálẹ́, bí àwọn ọmọ kéékèèké ṣe ń mu colorado tí wọ́n ń fọ́ ṣọ́ọ̀bù oníṣọ́ọ̀bù. Kí Duterte wá bá wa lo oṣù mẹ́fà péré.

Ẹlẹ́nu Ata: Bọ̀dá Alábí, mélòó lẹ ti fà kẹ́ ẹ tó kọ èyí? 😂

Ìyá Mofẹ́: Ṣé àwọn ará Fílípì tí Pọ́ọ̀lù kọ̀wé sí nìyí? 🙏🏾

Tíṣà Ọ̀yọ́: Rárá o, Ìyá Mofẹ́. Fílípì ti inú Bíbélì, ọ̀nà ilẹ̀ Gíríìkì ló wà. Ti àwọn wọ̀nyí, orúkọ ọba Spéènì kan, Felipe Kejì, ni wọ́n fi sọ ìlú wọn. Spéènì ló jọba lé wọn lórí fún ohun tó lé ní 300 ọdún, kí Amẹ́ríkà tó gbà á. Ẹ jẹ́ ká padà sórí ọ̀rọ̀.

Ìyá Mofẹ́: Ẹ ṣé, tíṣà. Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ ká rí ogun Spéènì.

Nọ́ọ̀sì Àdùkẹ́: Ọ̀pọ̀ yín ń sọ ohun tẹ́ ẹ ò mọ̀. Manchester ni mo wà, àwọn ọmọ Filipínì pọ̀ ní wọ́ọ̀dù wa ju àwa Nàìjíríà lọ. Lọ́jọ́ tí wọ́n mú bàbá yẹn, ńṣe ni wọ́n ń sunkún lẹ́nu iṣẹ́. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lókè òkun fẹ́ràn ẹ̀ gan-an, wọ́n dìbò fún un yanturu ní 2016. Wọ́n ní ìgbà ẹ̀ ni ìyá àwọn tó lè rìn lálẹ́ nílé. Ẹ bi àwọn tó ni ìlú.

Kọ́lápọ̀ Òṣogbo: Àwọn tó kú náà ló ni ìlú. Ọlọ́pàá fúnra wọn gbà pé àwọn pa èèyàn tó lé ní 6,000. Àwọn ẹgbẹ́ ajàfẹ́tọ̀ọ́ ní ó lè tó 30,000. Ọmọ ọdún 17 kan wà nínú wọn, ní Caloocan, oṣù kẹjọ 2017. Ọlọ́pàá ní ó yìnbọn sí àwọn. Kámẹ́rà àdúgbò ti rí wọn níbi tí wọ́n ti ń wọ́ ẹnì kan lọ. Mẹ́ta nínú àwọn ọlọ́pàá yẹn ni adájọ́ dá lẹ́bi ní 2018. “Nanlaban” ni wọ́n ń kọ sínú ìwé lórí òkú, pé ó bá àwọn jà. Gbogbo ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń pàtẹ́wọ́ yìí, ṣé ẹ̀yin kọ́ lẹ pariwo EndSARS ní 2020?

Alábí Mushin: SARS yàtọ̀. Owó ni SARS ń gbà.

Kọ́lápọ̀ Òṣogbo: Ọlọ́pàá tó lè pa èèyàn láìsí ẹjọ́, kí ló fẹ́ dí i lọ́wọ́ tí kò fi ní gbowó? Ìwọ Àdùkẹ́ náà, ronú. Àwọn tó ń sunkún ní wọ́ọ̀dù ẹ, ọmọ wọn kọ́ ni wọ́n pa.

Bàbá Ṣèyí: Davao, ìlú Duterte, ní àlàáfíà. Ó lé ní 20 ọdún tó fi ṣe mayor níbẹ̀. Ẹ sọ̀rọ̀ lórí ìyẹn.

Nọ́ọ̀sì Àdùkẹ́: Kọ́lápọ̀, ta lò ń pè ní “ìwọ”? Èmi àti ẹ jọ jẹun rí ni?

Abíọ́lá Kútọnu: Ó dáa bẹ́ẹ̀. Àwa aláwọ̀ dúdú ni ICC máa ń gbé kiri. Gbagbo, ààrẹ àná Ivory Coast, lo ohun tó lé ní ọdún méje lọ́dọ̀ wọn kí wọ́n tó ní kò jẹ̀bi ní 2019. Duterte ni ààrẹ àná àkọ́kọ́ láti Éṣíà tó máa débẹ̀. Kí àwọn náà tọ́ ọ wò.

Alábí Mushin: Àti pé Filipínì ti jáde ní ICC! Kí ló tún kàn wọ́n?

Lọ́yà Bọ́dé: Wọ́n jáde lóòótọ́, ọjọ́ 17 oṣù kẹta 2019. Àmọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ láti oṣù kọkànlá 2011 tí wọ́n wọlé, títí di ọjọ́ tó ṣáájú ìjáde wọn, ni ilé-ẹjọ́ ń bi í. Ẹni tó jẹ gbèsè owó ilé, kíkó jáde ò ní kí gbèsè ọ̀hún parẹ́.

Ẹlẹ́nu Ata: Lọ́yà, ó jọ pé ẹ ò tí ì gba tẹ́ńáǹtì sílé rí.

Ọlá Àlàbá: 😂😂😂 Tèmi kó lọ lóru, ó tú fáànù lọ.

Ẹlẹ́nu Ata: Ẹ pe ICC.

Kọ́lápọ̀ Òṣogbo: Àdùkẹ́, ọ̀rọ̀ òkú la ń sọ, ìwọ ń wá ìkúnlẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Àdùkẹ́: Ó tún pè é! Kò sí ẹ̀kọ́ ilé. Ẹni tí kò bọ̀wọ̀ fún àgbà ló fẹ́ kọ́ wa ní ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn.

Kẹ́hìndé Agége: Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ sinmi. Òṣèlú ni gbogbo ẹ̀. Marcos, ààrẹ tó jẹ́ kí wọ́n gbé e, ọmọ Marcos tí àwọn aráàlú lé ní 1986 ni. Òun àti Sara, ọmọ Duterte, ni wọ́n jọ díje ní 2022, òun fún ààrẹ, Sara fún igbákejì. Nígbà tí wọ́n ṣì ń jẹun pọ̀, Marcos ní òun ò ní bá ICC ṣe nǹkan kan. Ìjà dé. Ní oṣù kọkànlá 2024, Sara ní tí wọ́n bá pa òun, òun ti bá ẹnì kan sọ ọ́ kó pa Marcos àti ìyàwó ẹ̀. Nígbà tó yá ló ní ìhàlẹ̀ kọ́. Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n gbé bàbá ẹ̀. Ẹ̀ ń pe ìyẹn ní ìdájọ́ òdodo?

Lọ́yà Bọ́dé: Ó lè jẹ́ ìjà ló gbé e débẹ̀, kí ẹ̀sùn sì jẹ́ òótọ́. Méjèèjì ò tako ara wọn.

Bàbá Ṣèyí: MO NÍ DAVAO NÍ ÀLÀÁFÍÀ!!! ÀTÌMỌ́LÉ LÓ WÀ NÍ OṢÙ KARÙN-ÚN 2025 TÍ WỌ́N TÚN DÌBÒ YÀN ÁN NÍ MAYOR. ṢÉ ORÍ GBOGBO ARÁ DAVAO LÓ DÀRÚ NI?

Tíṣà Ọ̀yọ́: Bàbá Ṣèyí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa lẹ́tà ńlá yẹn.

Sùnmádé: Duterte, Duterte, Duterte. Owó tí wọ́n ní àwọn fi ń dènà omíyalé ní Filipínì ńkọ́? Ní oṣù kẹjọ 2025, Marcos fúnra ẹ̀ lọ wo ògiri odò kan ní Baliwag, ní Bulacan. Ìwé ní wọ́n ti kọ́ ọ tán, wọ́n ti san owó, ó dé ibẹ̀ kò bá nǹkan kan. Ní ọjọ́ 21 oṣù kẹsàn-án, èrò kún pápá Luneta àti títì EDSA ní Manila, inú ń bí wọn sí àwọn kọngílá àti aṣòfin. Ẹ̀kún omi ń wọlé èèyàn, ẹ̀yin ń jà lórí arúgbó tó ti pé 80 ọdún.

Ọlá Àlàbá: Kọngílá wọn àti tiwa, ó jọ pé tíṣà kan náà ló kọ́ wọn.

Dáúdà Elére: Pacquiao, abẹ̀ṣẹ́ wọn, ńkọ́? Ṣé òun kọ́ ló yẹ kó jẹ ààrẹ?

Ẹlẹ́nu Ata: Ó díje ní 2022, wọ́n lù ú bí Mayweather ṣe lù ú.

Dáúdà Elére: Mayweather ò lu ẹnikẹ́ni. Ó ń sá kiri ni. Ojú wa ló ṣe.

Ẹlẹ́nu Ata: Dáúdà, 2015 la ti parí ìjà yẹn!

Adéwálé Ìjẹ̀bú: Ẹ jọ̀ọ́, ilé àbí àjèjì? Ìyẹn ni mo bi yín.

Dáúdà Elére: Àwọn adájọ́ ojúsàájú ni. Mo ń sọ ti bọ́síìnì o.

Kọ́lápọ̀ Òṣogbo: Àdùkẹ́, kó o lè sinmi: 1969 ni wọ́n bí mi. Ọmọ mi àkọ́bí ti bímọ.

Nọ́ọ̀sì Àdùkẹ́: 1969 ti Facebook. Ó dáa, ẹ̀gbọ́n, ẹ kú àgbà o. Duterte ò ṣẹ̀ síbẹ̀.

Kọ́lápọ̀ Òṣogbo: Ọmọ ọdún 17 yẹn ńkọ́, àbúrò?

Nọ́ọ̀sì Àdùkẹ́: Ọlọ́pàá ló pa á, Duterte kọ́.

Kọ́lápọ̀ Òṣogbo: Ta ló ń sọ fún ọlọ́pàá lójú ayé pé kí wọ́n máa pa wọ́n, pé òun wà lẹ́yìn wọn? Ó tún jáde lórí tẹlifíṣọ̀n!

Bàbá Ṣèyí: Davao.

Ìyá Mofẹ́: Nọ́ọ̀sì Àdùkẹ́, ẹ kú iṣẹ́ o. Àbúrò mi obìnrin ti parí ìwé nọ́ọ̀sì rẹ̀, ó ń wá ọ̀nà Manchester yẹn. Mo ti kọ̀wé sí yín nínú inbox, ẹ jọ̀ọ́ ẹ dáhùn.

Alábí Mushin: Èmi náà ní ẹnì kan, nọ́ọ̀sì. Ẹ̀gbọ́n mi ni.