Ṣòkòtò àgbàbọ̀ nínú iṣẹ́ kóòdù

Àwọn àgbà ní ṣòkòtò àgbàbọ̀ kì í yẹ ọmọ èèyàn. Bí kò fún ni lẹ́sẹ̀, á ṣoni. Mo gbà fún ṣòkòtò. Tó bá di kóòdù, ìyẹn àṣẹ tí a ń kọ fún kọ̀ǹpútà, ẹ jẹ́ ká jókòó sọ ọ́.

Nígbà tí orí mi ṣì ń wú nídìí iṣẹ́ yìí, mo kọ ìkànnì kan tó ní ojú ewé fún àwọn ìlú ilẹ̀ Yorùbá. Orúkọ ìlú kọ̀ọ̀kan ló máa wà nínú àdírẹ́sì ojú ewé rẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n yá kóòdù tí ẹlòmíràn ti kọ sílẹ̀ lò. Èmi kẹ̀? Èmi tí mo mọ PHP, èdè tí a fi ń kọ ìkànnì! Ìlà kan péré ni mo kọ: ohunkóhun tí kò bá ti sí láàárín a sí z, tí kì í sì í ṣe nọ́ńbà, yọ ọ́ dànù. Bí mo ṣe gbé e jáde, Ẹdẹ di "d", Ọ̀fà di "f". Ọ̀wọ̀ di "w", Ìwó náà di "w". Ẹni tó bá tẹ Ìwó yóò bá ara rẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Oǹdó. Ọmọ Ìwó kan ló kọ́kọ́ pè mí. Ohun tó sọ kò ṣe é kọ síbí.

Àṣé ọ̀ tiwa yìí kì í ṣe lẹ́tà kan lójú kọ̀ǹpútà: ọ wà lọ́tọ̀, àmì ohùn orí rẹ̀ wà lọ́tọ̀. Àwọn tó ń ṣe Symfony, àkójọ kóòdù PHP tó bẹ̀rẹ̀ nílẹ̀ Faransé ní 2005, ti ro gbogbo èyí. Kóòdù tí wọ́n fi ń tún ọ̀rọ̀ ṣe, tí wọ́n gbé jáde ní 2019, á bọ́ àmì kúrò lórí lẹ́tà, á sì fi lẹ́tà fúnra rẹ̀ sílẹ̀. Ìwó á di "Iwo", Ọ̀wọ̀ á di "Owo". Àwọn tí kò gbọ́ Yorùbá tọ́jú Yorùbá jù mí lọ. Ojú tì mí.

Ìdí nìyí tí mi ò fi í bá àwọn Drupal, tí wọ́n ń ṣe irinṣẹ́ tí a fi ń kọ́ ìkànnì, jà. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, fúnra wọn ni wọ́n ń kọ èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí wọ́n ń lò. Nígbà tó di Drupal 8, tó jáde ní oṣù kọkànlá 2015, wọ́n kó àwọn ẹ̀yà Symfony wọlé, wọ́n kó Twig, wọ́n kó Guzzle, kóòdù àyálò ni gbogbo wọn. Kí ó tó jáde pàápàá ni inú ti bí àwọn kan, wọ́n ní ilé ti di ti àlejò, wọ́n sì lọ dá Backdrop tiwọn sílẹ̀ látara Drupal àtijọ́. Wọ́n lẹ́jọ́ díẹ̀ o, nítorí ohun tí èèyàn máa kọ́ kó tó lè ṣiṣẹ́ pọ̀ sí i lóòótọ́. Ṣùgbọ́n Laravel, àkójọ kóòdù PHP mìíràn tí gbogbo wa ń yangàn pé a mọ̀ ńkọ́? Tú u wò, Symfony ló wà nínú ikùn rẹ̀.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan máa dárúkọ left-pad, kóòdù kékeré kan tí ọ̀pọ̀ èèyàn yá lò. Oṣù kẹta 2016, ẹni tó ni kóòdù náà bínú nítorí ìjà lórí orúkọ package (ìdì kóòdù) rẹ̀ mìíràn, ó yọ iṣẹ́ rẹ̀ kúrò lórí npm, ibi tí wọ́n ń kó kóòdù àyálò sí, iṣẹ́ sì dúró kiri ayé. Ìlà 11 ni. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó fi àlàfo kún ìwájú ọ̀rọ̀. Ìyẹn kì í ṣe ṣòkòtò, bọ́tìnnì ni! Rán bọ́tìnnì rẹ fúnra rẹ. Ọ̀rọ̀ ìpamọ́ (password), ímeèlì, àmì ohùn: ìwọ̀nyí ni kí o lọ yá.

Ọ̀rọ̀ event-stream, package mìíràn lórí npm, ní 2018 ló ń bà mí lẹ́rù jù. Iṣẹ́ ti sú ẹni tó kọ ọ́, kò sẹ́ni tó ń sanwó fún un. Àjèjì kan ní òun á bá a tọ́jú rẹ̀, ẹni tó kọ ọ́ yọ̀ǹda, àjèjì sì fi kóòdù olè pamọ́ síbẹ̀ láti jí Bitcoin àwọn tó ń lo Copay, áàpù tí wọ́n fi ń tọ́jú Bitcoin. Olè ni gbogbo èèyàn bú. Àwa tá a ti ń jẹun nídìí iṣẹ́ náà lọ́fẹ̀ẹ́ láti ọjọ́ yìí wá ńkọ́?

Àbúrò kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ rí àṣìṣe nínú package ímeèlì kan, ó ṣí vendor, fódà tí kóòdù àyálò máa ń wà, ó tún un ṣe síbẹ̀, kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Lóṣù mélòó kan lẹ́yìn náà, mo ṣe composer update, àṣẹ tó ń mú ẹ̀dà tuntun kóòdù àyálò wá, àtúnṣe rẹ̀ pòórá, rìsíìtì kò dé ọ̀dọ̀ oníbàárà mọ́. Ọjọ́ méjì ni mo fi wá a. Nígbà tí mo mọ̀, mi ò pariwo. Mo ní, "Jókòó, fi ránṣẹ́ sí ẹni tó ni ín." Ìlà mẹ́ta ni. Wọ́n gbà á lọ́jọ́ kẹsàn-án, orúkọ rẹ̀ sì wọ àárín àwọn tó ṣiṣẹ́ níbẹ̀.

Ó ya àwòrán ojú ewé náà ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀ lórí WhatsApp. Màmá dúpẹ́, wọ́n ṣàdúrà, wọ́n wá béèrè pé èló ni wọ́n san fún un.