Ilẹ̀ bàbá ẹ ni lóòótọ́, àmọ́ kì í ṣe gbogbo ilé lo lè kọ́ sórí ẹ̀

Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Ní Ifẹ̀ níbí, láti Mayfair dé Parakin, tí wọ́n bá ti dá ọ̀rọ̀ ilé sílẹ̀, ẹnì kan á ní "ilẹ̀ bàbá mi ni, mo ní rìsíìtì, mo ní C of O, ìwé ẹ̀rí tí ìjọba fún mi lórí ilẹ̀, ta ló máa sọ ohun tí màá kọ́ fún mi?" Irọ́ ni o! Ọ̀tọ̀ ni kéèyàn nílẹ̀, ọ̀tọ̀ ni kó gbàṣẹ kó tó kọ́lé sórí ẹ̀.

C of O tẹ́ ẹ fi ń yangàn yẹn gan-an, látìgbà tí òfin ilẹ̀ ọdún 1978 ti kó ilẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà, ẹ̀tọ́ láti lo ilẹ̀ ló fún yín, ọdún 99 ló sì sábà máa ń jẹ́, ẹ sì ka inú ẹ̀ dáadáa, wọ́n máa ń kọ ohun tí wọ́n ní kẹ́ ẹ fi ilẹ̀ ṣe síbẹ̀. Tó bá jẹ́ ilé gbígbé, tẹ́ ẹ wá sọ ọ́ di hòtẹ́ẹ̀lì tí jẹnẹrétọ̀ ń ké mọ́jú, ẹ ti rú àdéhùn nìyẹn, àfi tẹ́ ẹ bá gbàṣẹ àyípadà. Decree 88 tọdún 1992, òfin ìjọba ológun lórí ètò ìlú, ló ní kéèyàn gbàṣẹ kó tó kọ́lé, Supreme Court sì ti sọ lọ́dún 2003 pé ìpínlẹ̀ ló ni ọ̀rọ̀ ètò ìlú, kì í ṣe Abuja.

Ẹ wo họ́sítẹ́ẹ̀lì táwọn kan ń kọ́ fáwọn akẹ́kọ̀ọ́. Hááfù pílọ́ọ̀tì, ilé gba gbogbo ẹ̀ tán, tẹ́ ẹ bá ṣí fèrèsé, yàrá ẹnìkejì lẹ̀ ń wò, sókèwéè wọn, ìyẹn kòtò omi ìdọ̀tí, tún wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga aládùúgbò tó ń pọn omi mu níbẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ní kẹ́ ẹ fi àyè sílẹ̀ láàárín ilé àti fẹ́ǹsì, kì í ṣe pé wọ́n fẹ́ fìyà jẹ yín.

Títì Ifẹ̀ sí Iléṣà tún wá le jùyẹn lọ, títì ìjọba àpapọ̀ ni, mítà 45.72 láti àárín títì ni wọ́n kà mọ́ títì lápá kọ̀ọ̀kan. Ọmọ onílẹ̀ tó ń tà á fún yín ò ní mẹ́nu bà á, ṣé ẹ rò pé ó máa ba ọjà ara ẹ̀ jẹ́ ni?

"Ṣebí gbogbo àdúgbò wa ló kọ́ ọ láìgbàṣẹ." Òótọ́ ni, ìwé náà ń pẹ́, owó ẹ̀ ò sì kéré, mi ò ní parọ́. Àmọ́ lọ́jọ́ tí wọ́n bá fi ọ̀dà pupa kọ X sára ògiri yín, tí ẹ ò sì ní àpúrúfà, ìyẹn ìwé àṣẹ ìkọ́lé, lọ́wọ́, ó máa nira kẹ́ ẹ tó lè lanu béèrè owó gbà-máà-bínú.

Torí náà kẹ́ ẹ tó ra sìmẹ́ńtì, ẹ gbé sọ́fè, ìyẹn ìwé ìwọ̀n ilẹ̀ yín, lọ bá àwọn town planning, ẹ bi wọ́n kí ni ilẹ̀ yẹn wà fún nínú ìwé wọn. Tó bá jẹ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, wọ́n máa béèrè ìwé ẹnjiníà o, bíríkìlà tó ní òun ti kọ́ irú ẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà ò lè bá yín buwọ́ lù ú.