Ẹ yéé fi “Ọlọ́run á pèsè” tilẹ̀kùn mọ́ ẹni tí ebi ń pa

Inú ń bí mi lónìí, ẹ bá mi fara dà á. Ní ọjọ́ Ìsinmi tó kọjá, nígbà tí wọ́n ní kí àwọn tó ní ẹ̀rí bọ́ síwájú, ìyá kan nínú ìjọ wa gba máìkì, ó sì jẹ́rìí pé láti oṣù mẹ́ta tí ọkọ òun kò ti ríṣẹ́ ṣe, Ọlọ́run kò jẹ́ kí àwọn ọmọ òun fi ebi sùn. Ó ní bí òun bá jí láàárọ̀, òun á bá èlùbọ́ nínú láílọ́ọ̀nù dúdú lẹ́nu ọ̀nà. Ní ọjọ́ mìíràn ẹ̀wà ni, ní ọjọ́ mìíràn epo pupa nínú ike omi. Gbogbo ìjọ hó yèè. Pásítọ̀ wa dìde, ó ní kí a gbé ọwọ́ sókè kí a yin Jèhófà Jirè, pé Ọlọ́run tó fi ẹyẹ ìwò gbé oúnjẹ fún Èlíjà létí odò Kérítì kò tíì kú. Alága ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó aláìní ń jó, ó ń làágùn. Èmi kò lè jó ní tèmi, nítorí pé èmi ni akọ̀wé ìgbìmọ̀ náà, mo sì mọ ohun tí a kọ sínú ìwé nípa ìyá yìí.

Ẹ jẹ́ kí n máa pè é ní Ìyá Ìbejì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe ìbejì ló bí. Mo ti yí nǹkan díẹ̀ padà nínú ọ̀rọ̀ yìí kí ẹnikẹ́ni má baà dá a mọ̀. Ọkọ rẹ̀ ń wa Mícrà akérò níbí ní Ìbàdàn, kì í sì í ṣe ọkọ̀ tirẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ bí ayé ṣe yí padà láti ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023 tí wọ́n kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti dópin. Lítà kan tí kò tó 200 náírà tẹ́lẹ̀ di nǹkan bí 500 láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ó sì ti kọjá 1,000 kí ọdún 2024 tó parí, ṣùgbọ́n iye tí ọlọ́kọ̀ ń gbà lọ́wọ́ awakọ̀ rẹ̀ lójoojúmọ́ kò dín rárá. Ọkùnrin náà ń sáré kiri láti ìdájí títí di alẹ́ kí ó tó rí owó ọlọ́kọ̀, títí ẹ́ńjìnnì fi dẹnu kọlẹ̀ lọ́jọ́ kan, ọlọ́kọ̀ sì wọ́ ọkọ̀ rẹ̀ lọ. Ó wá ku owó oṣù ìyàwó, tó ń kọ́ àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ nílé ẹ̀kọ́ aládàáni kan, owó tí kò tó ìdajì 70,000 náírà tí wọ́n fọwọ́ sí ní oṣù Keje ọdún 2024 pé kí owó oṣù òṣìṣẹ́ má ṣe dín sí. Ìyẹn ni wọ́n fi ń bọ́ ẹnu márùn-ún.

Ìyá Ìbejì kọ lẹ́tà sí wa. Inú ìwé ọmọ rẹ̀ ló ti ya ojú ewé kan, ilà ìṣirò ṣì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó bẹ̀ wá fún 20,000 náírà, ó sì fi kún un pé bí kò bá sí owó, kóńgò gàárì mélòó kan náà tó. A jókòó lé e lórí ní ọjọ́ Àbámẹ́ta kan. Àwa méje la wà níjókòó. Alága ka lẹ́tà náà sókè tòun ti orúkọ, ohun tí a ti fẹnu kò sí pé a kò ní máa ṣe. Ẹnìkan ní ọkọ rẹ̀ kì í wá sí ìsìn déédéé. Ẹlòmíràn béèrè bóyá ó ń san ìdámẹ́wàá, bí ẹni pé nínú owó wo gan-an. Owó wà nínú àpò wa o, mo mọ iye rẹ̀ nítorí pé èmi ni mo ń kọ ọ́ sílẹ̀, ṣùgbọ́n àjọ̀dún ìjọ ti ń sún mọ́lé, ìgbìmọ̀ tó ń ṣètò rẹ̀ sì ti bẹ̀ wá pé kí wọ́n yá owó náà fi san àsansílẹ̀ fún kánópì àti àga. Alága wá fọwọ́ lé Bíbélì, ó ní: “Ẹ jẹ́ kí á fà á lé Ọlọ́run lọ́wọ́, Ọlọ́run á pèsè.” A ṣe àmín. Èmi ni mo kọ ọ́ sínú ìwé pé a ti fi ọ̀rọ̀ náà lé Ọlọ́run lọ́wọ́, mo tilẹ̀ fi rúlà fa ìlà sí i nídìí, a sì bọ́ sórí ọ̀rọ̀ iye àga.

Èmi náà ni wọ́n ní kí n fún un lésì. Mo pè é lórí fóònù, mo ní ìgbìmọ̀ ní kí wọ́n fọkàn balẹ̀, Ọlọ́run á pèsè. Ó ní, “Àmín o, Bọ̀dá Akọ̀wé, ẹ ṣeun.” Kò tó ìṣẹ́jú kan tí a fi sọ gbogbo rẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ni gbólóhùn yẹn ti ń korò lẹ́nu mi. Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò sáré wá síbí láti sọ pé ìgbàgbọ́ mi ti yìnrìn. Ẹ máa sọ ọ́, àyè gbà yín. N kò bá ẹni tí ebi ń pa jà bó bá sọ pé Ọlọ́run á pèsè. Ìyá tó bí mi máa ń sọ ọ́ nígbà tó bá ti gbé omi kaná tí kò sì tíì mọ ohun tí òun yóò dà sí i, bí omi náà bá sì ti ń hó ni yóò máa kọrin. Ẹnu ẹni bẹ́ẹ̀ ló ni ọ̀rọ̀ náà. Ṣùgbọ́n bí ẹni tó ti jẹun yó bá sọ ọ́ sí ẹni tí ebi ń pa létí, ìtumọ̀ rẹ̀ ti yí padà, ó ti di “máa lọ sílé.” Jákọ́bù ti rí irú wa kí wọ́n tó bí wa. Ó béèrè nínú orí kejì ìwé rẹ̀ pé bí arákùnrin tàbí arábìnrin kan bá wà láìláṣọ, tí kò ní oúnjẹ òòjọ́, tí ẹ wá ní kí ó máa lọ ní àlàáfíà, kí ara rẹ̀ yá gágá, kí ó sì yó, tí ẹ kò fún un ní nǹkan kan, èrè kí ni ó jẹ́?

Àwọn oníwàásù wa fẹ́ràn orí kẹfà ìwé Mátíù, níbi tí Jésù ti ní kí a wo àwọn ẹyẹ ojú ọ̀run tí wọn kì í fúnrúgbìn. Orí kan náà ni ó ti kọ́kọ́ ní kí a máa ta aláìní lọ́rẹ, kí ọwọ́ òsì má mọ ohun tí ọwọ́ ọ̀tún ń ṣe. Ẹsẹ kẹta nìyẹn, ẹsẹ kẹrìndínlọ́gbọ̀n sì ni ti ẹyẹ, ṣùgbọ́n ọdọọdún ni mo ń gbọ́ ìwàásù lórí ẹyẹ.

Èyí tó wá ń dùn mí jù lọ ni ti opó Sáréfátì. Wọ́n ti fi opó yẹn gba owó lọ́wọ́ wa débi pé, bí mo bá ti gbọ́ orúkọ ìlú náà lórí àga ìwàásù báyìí, ọwọ́ mi á lọ sí àpò mi fúnra rẹ̀. Ohun tí wọ́n máa ń sọ ni pé ó fún wòlíì ní àkàrà àkọ́kọ́, nítorí náà kí ìwọ náà mú èyí tó kù lọ́wọ́ rẹ wá. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún un kà nínú Àwọn Ọba Kìíní, orí kẹtàdínlógún. Nígbà tí odò Kérítì gbẹ, Ọlọ́run sọ fún Èlíjà pé òun ti pàṣẹ fún opó kan ní Sáréfátì pé kí ó máa bọ́ ọ. Ó ti pàṣẹ. Ṣùgbọ́n nígbà tí wòlíì dé ẹnubodè, igi ìdáná ni obìnrin náà ń ṣà, ẹ̀kúnwọ́ ìyẹ̀fun kan ló kù sílé, ó fẹ́ fi dáná fún ara rẹ̀ àti ọmọ rẹ̀, kí wọ́n jẹ ẹ́, kí wọ́n sì kú. Kò sí àmì kankan níbẹ̀ pé ó mọ̀ pé wọ́n ti pàṣẹ fún òun. Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo ń rò ní òru. Ta ló mọ iye àṣẹ tí wọ́n ti pa fún àwa méje tí a jókòó lórí àga ní Àbámẹ́ta yẹn, tí a sì dá a padà fún ẹni tó pa á?

Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe pé àwọn ènìyàn kò gbàdúrà. Ta ni yóò sọ fún mi pé àwọn ìyá tó kó ọmọ wọn lọ síbi àríyá ọmọdé ní Baṣọ̀run, níbí ní Ìbàdàn, ní ọjọ́ 18 oṣù Kejìlá ọdún 2024 kò gbàdúrà kí wọ́n tó jáde nílé? Èrò tẹ ọmọdé 35 pa, wọn kò padà wálé. Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀, ènìyàn 10 tún kú sínú èrò tó ń dúró de oúnjẹ ní ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Àbújá. N kò fẹ́ sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ lórí ìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n padà sórí láílọ́ọ̀nù dúdú. Ilé kejì sí ti Ìyá Ìbejì ni mò ń gbé. Ní ìdájí ọjọ́ kan, iná ọba dé, mo sáré jáde láti lọ tan ẹ̀rọ tó ń fa omi, mo sì rí Alhaja tó ń ta èlùbọ́ ní ọjà Bódìjà. Ó ń ti ìrun àsùbáà bọ̀, tẹsubáà wà lọ́wọ́ rẹ̀ kan, láílọ́ọ̀nù wà ní ìkejì. Ó bẹ̀rẹ̀, ó gbé e sẹ́nu ọ̀nà wọn. Nígbà tó rí mi, ó fi ìka sẹ́nu: “Akọ̀wé, ojú rẹ ò rí nǹkan kan o.” Kì í ṣe pé ọjà ń tà fún Alhaja o. Owó ọkọ̀ tó ń kó èlùbọ́ wá fún un láti Òkè-Ògùn ti lọ sókè bí ti gbogbo ọkọ̀, àwọn tó ń ra kóńgò márùn-ún tẹ́lẹ̀ ti di aláàbọ̀ kóńgò.

Ìwò tí Pásítọ̀ ń wí nìyẹn. Ìwò tó wọ híjáàbù, tí ẹsẹ̀ ń dùn, tí kò sì mọ̀ pé a ń fi iṣẹ́ ọwọ́ òun jó nínú ṣọ́ọ̀ṣì tí kò fún ìyá yẹn ní kóńgò gàárì kan ṣoṣo. Mo rò ó lọ́jọ́ náà pé n ó dìde, n ó gba máìkì, n ó sì sọ ọ́. Ẹ̀rù bà mí, n kò ṣe é. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ìsìn, mo fa Ìyá Ìbejì sí ẹ̀gbẹ́ kan, mo ní ó yẹ kí ó mọ ẹni tó ń bọ́ ọ, kí òun náà má bàa máa fi ògo ẹlòmíràn fún ìjọ tó tì í síta.

Ó wò mí títí. Ó ní: “Bọ̀dá Akọ̀wé, ṣé ẹ rò pé n kò mọ̀ ni? Ọmọ mi kékeré ti rí Alhaja láti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Bí mo bá ní Alhaja ló ń bọ́ mi, mo ti di ẹni Alhaja nìyẹn. Bí ọmọ rẹ̀ bá bú mi lẹ́nu ẹ̀rọ omi lọ́la, n kò ní lè fèsì. Ṣùgbọ́n bí mo bá ní Ọlọ́run ni, èmi àti Alhaja á lè máa wo ara wa lójú. Òun náà ló fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi ń wá lóru.” Ó gbọn ìṣẹ́tí aṣọ rẹ̀, ó ń múra àtilọ, ó wá yíjú padà sí mi: “Ẹ kò fún mi ní gàárì, n kò bínú. Ẹ má wá tún gba Ọlọ́run lọ́wọ́ mi.”

N kò rí èsì fọ̀.

Mo ṣì gbà pé a ṣẹ̀, àwa méje. Mo ṣì gbà pé owó kánópì yẹn kò mọ́. Nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí kẹfà, nígbà tí wọ́n ń gbójú fo àwọn opó kan dá níbi tí wọ́n ti ń pín oúnjẹ, wọn kò ní kí àwọn opó náà fọkàn balẹ̀, ọkùnrin méje ni wọ́n yàn láti mójú tó o. Ohun tí mo fẹ́ sọ nípàdé ọ̀sẹ̀ yìí nìyẹn. Mo tilẹ̀ ti fẹ́ dá a lábàá pé kí ẹnikẹ́ni nínú ìgbìmọ̀ má ṣe sọ “Ọlọ́run á pèsè” mọ́ níwọ̀n ìgbà tí kọ́bọ̀ kan bá ṣì wà nínú àpò. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ìyá yẹn ti bá mi sọ̀rọ̀, n kò mọ bí n ó ṣe gbé e kalẹ̀ tí kò fi ní dà bíi pé òun àti Alhaja ni mò ń bá wí.

Lẹ́tà mẹ́ta mìíràn wà nínú fáìlì báyìí. Mo kà wọ́n lánàá. Kò sí owó nínú àpò ìgbìmọ̀, wọn kò tíì dá ti kánópì padà, 15,000 náírà ló sì wà lọ́wọ́ èmi fúnra mi títí oṣù yóò fi parí. Mo ka ti àkọ́kọ́, mo ka ìkejì, nígbà tí mo ṣí ìkẹta mo gbọ́ tí ẹnu mi sọ ọ́, ní èmi nìkan nínú yàrá: Ọlọ́run á pèsè. Mo dúró, mo di fáìlì mú. N kò lè sọ fún yín títí di ìsinsìnyí bóyá àdúrà ni mo gbà tàbí fáìlì ni mo fẹ́ pa dé.