Èsì wa sí ẹni tó ní a ba Benz òun jẹ́

Alàgbà, ẹ ṣeun tí ẹ gbé iṣẹ́ fún wa. A rí ìràwọ̀ kan tí ẹ fún wa.

Ẹ kọ ọ́ pé a yọ sẹ́ńsọ̀ ọ́síjìn Benz 230E yín, pé látìgbà náà ló ti ń mu epo bí omi, àti pé àbúrò yín ní Èkó sọ pé ọkọ̀ onínọ́sù kankan, ìyẹn èyí tó ń fi nọ́sù fọ́n epo sí ẹ́ńjìnnì, ò lè rìn láìsí i. Torí àwọn tó máa ka èyí kí wọ́n tó gbé ọkọ̀ wá bá wa ní Ṣágámù, ẹ jẹ́ ká sọ gbogbo ẹ̀.

Ọjọ́ kejì oṣù kẹfà lẹ gbé e dé. Kábírù, tó ti ń tú Benz láti 1996, ló wọ abẹ́ rẹ̀. Sàlẹ́ńsà tòkunbọ̀ tí ẹnì kan ti jó mọ́ ọn ló bá níbẹ̀, sẹ́ńsọ̀ àlòkù wà lára rẹ̀, wáyà rẹ̀ ti gé, ó ń fì bí okùn àgbò iléyá tó já. Kò dé ọ̀dọ̀ kọ̀ǹpútà ọkọ̀ rárá. A yọ ọ́, a fi bóòtì dí ihò rẹ̀.

Ọkọ̀ yín ti 1987 ni, irú tó jáde láìní kátálíìsì, ìyẹn àpótí tó ń fọ èéfín nínú sàlẹ́ńsà. Torí kátálíìsì yẹn gan-an ni sẹ́ńsọ̀ fi ń tọ́ èéfín wò fún kọ̀ǹpútà. Ọkọ̀ tó bá ní méjèèjì láti ilé iṣẹ́ tó ṣe é, a kì í yọ sẹ́ńsọ̀ rẹ̀. Àmọ́ láti 1968 ni Peugeot 504 onínọ́sù ti ń rìn. 1976 ni Volvo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé sẹ́ńsọ̀ yìí jáde, torí òfin èéfín Amẹ́ríkà. Ṣé títì ni wọ́n ń ti 504 fún ọdún mẹ́jọ yẹn ni?

Ohun tó ń jẹ epo yín gan-an, ẹ ò kọ ọ́. Kábírù to plọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sílẹ̀ níwájú yín, wọ́n dúdú bí ìdí ìkòkò. Ó fi orí wáyà sẹ́ńsọ̀ omi hàn yín, èyí tó ń sọ fún kọ̀ǹpútà bí omi ẹ́ńjìnnì ṣe gbóná tó; ìpẹtà ti sọ orí wáyà náà di aláwọ̀ ewé. Kọ̀ǹpútà rò pé otútù ṣì ń mú ẹ́ńjìnnì, ló bá ń da epo sí i ní ọ̀sán gangan. ₦18,000 la pè é. Ẹ ní ká fi sílẹ̀, pé Ojúde Ọba ti dé, ẹgbẹ́ yín ń dúró ní Ìjẹ̀bú-Òde.

Pé a fi ọjọ́ márùn-ún ṣe iṣẹ́ ọjọ́ méjì, òótọ́ ni. Iná ò sí, ìyàwó Kábírù sì bímọ.

Ẹ gbé e padà wá. Ẹ ra sẹ́ńsọ̀ omi nìkan, a ò ní gba owó iṣẹ́. Sẹ́ńsọ̀ ọ́síjìn yín ṣì wà nínú agolo mílíìkì lórí pẹpẹ wa, a ò tà á. Bí àbúrò yín bá takú, Kábírù á dè é padà síhò rẹ̀, kó máa fì bó ṣe ń fì tẹ́lẹ̀.