Wọ́n ní ilé ọkọ ni tirẹ̀

Inú ń bí mi láti Sátidé, ẹ jẹ́ n sọ ọ́ jáde.

A lọ wo Knole, ilé ńlá olókùúta tó wà ní Sevenoaks ní Kent, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí. Àgbọ̀nrín ń jẹ koríko lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà bí ewúrẹ́ ilé. Èmi ni mò ń ṣàlàyé ìtàn Vita Sackville-West, òǹkọ̀wé ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fún wọn: inú ilé yẹn ni wọ́n bí i sí ní 1892, òun nìkan ṣoṣo lọmọ tí bàbá rẹ̀ bí, inú ṣọ́ọ̀ṣì ilé náà ló ti ṣègbéyàwó ní 1913, ó sì kọ odidi ìwé kan lórí ilé ọ̀hún ní 1922. Nígbà tí bàbá rẹ̀ kú ní January 1928, oyè àti ilé bọ́ sọ́wọ́ Charles, àbúrò bàbá rẹ̀, torí pé obìnrin ni Vita.

Ni àbúrò ọkọ mi, tí mò ń pè ní Bọ̀dá, bá bú sẹ́rìn-ín. "Ìyàwó wa, ṣebí ilé ọkọ ni tirẹ̀. Ó lówó, ó lọ́kọ, kí ló tún ń wá nílé bàbá rẹ̀?"

Mi ò lè fèsì. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ohun tójú mi rí nígbà tí mò ń jà fún ìpín tèmi nínú ilé bàbá mi mọ ìdí ẹ̀.

Mo mọ̀ pé àwọn kan á sọ pé ọlọ́lá ni, ebi ò pa á rí. Ẹ gbà á bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó ṣe lẹ́yìn náà. Ní 1930, òun àti ọkọ rẹ̀, Harold Nicolson, ra Sissinghurst, àwókù ilé ńlá àtijọ́ kan tí pàǹtí àti agolo sàdíìnì kún ọgbà rẹ̀. Kí ló dé tó jẹ́ àwókù yẹn? Ìyá-ńlá wọn kan láyé àtijọ́, Cicely Baker, ìyàwó Thomas Sackville tó kọ́kọ́ ni Knole nínú ìdílé wọn, ìdílé tó ni Sissinghurst ni wọ́n ti bí i. Ilé bàbá ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó wá ń wá ibi tí ẹ̀jẹ̀ ìdílé rẹ̀ ti dé rí. Ó gbin òdòdó síbẹ̀ títí gbogbo ayé fi ń wá wò ó. Nígbà tí wọ́n dábàá fún un ní 1954 pé kó fa Sissinghurst lé National Trust, ẹgbẹ́ tó ń tọ́jú àwọn ilé àtijọ́, lọ́wọ́ bí wọ́n ṣe fa Knole, ó yarí pátápátá. Ó dìgbà tó kú ní 1962 kí wọ́n tó rí i ṣe.

Wọ́n ti tún òfin ìtẹ́ ọba Britain ṣe ní 2013, kí àkọ́bí obìnrin lè jọba. Ọ̀pọ̀ oyè àwọn ìjòyè wọn ṣì ń fo obìnrin dòní.

Ohun tó ń dà mí láàmú báyìí ni èyí tí mo tún rántí lálẹ́ ọjọ́ náà. Ní 1910, Henry, àbúrò ìyá Vita, lọ sílé ẹjọ́ pé òun ló yẹ kó jogún Knole. Pepita, oníjó ará Sípéènì, ló bí Henry àti ìyá Vita, olórí ilé náà tẹ́lẹ̀ sì ni bàbá wọn, àmọ́ kò fẹ́ Pepita níṣu-lọ́kà. Henry pàdánù. Bí bàbá Vita, tó jẹ́ ọmọ àbúrò olórí ilé náà, ṣe ríbi jókòó nìyẹn. Nígbà tí Vita àtàwọn òbí rẹ̀ dé láti ilé ẹjọ́, àwọn ará Sevenoaks tú ẹṣin kúrò lára kẹ̀kẹ́ wọn, wọ́n sì fọwọ́ fà á dé Knole. Vita ò tíì pé ọmọ ọdún 18. Ó dájú pé ó yọ̀ lọ́jọ́ náà.

Nígbà tí èmi ń jà fún ìpín tèmi nílé wa, ọmọkùnrin kan wà tí bàbá wa bí síta, a ò pè é síbi ìpín. Mi ò bèèrè rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan.

Bọ̀dá fi ohùn ránṣẹ́ láàárọ̀ yìí, ó ní ṣé mo ṣì ń bínú. Mi ò tíì dá a lóhùn.