Wọn Ìbáà Má Kéde Rẹ̀, Ogun Ni

Mo tún gbọ́ ọ lórí rédíò láàárọ̀ àná, lẹ́nu ọkùnrin kan tí wọ́n pè ní onímọ̀: pé bí ìjọba kò bá ti kéde ogun, ohun tí àwọn sójà ń ṣe kì í ṣe ogun, "iṣẹ́ ológun" lásán ni. Atọ́kùn ètò náà sì ń kan sáárá sí i. Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Ó yẹ kí ọmọ Nàìjíríà gbẹ̀yìn nínú àwọn tí yóò gbà á gbọ́.

Ọjọ́ kẹfà oṣù Keje ọdún 1967 ni àwọn ọmọ ogun ìjọba àpapọ̀ ṣíná ìbọn bolẹ̀ lágbègbè Ogoja àti Nsukka. Wọn ò kéde ogun kankan. Yakubu Gowon ní iṣẹ́ ọlọ́pàá ni, pé àwọn kàn fẹ́ fọwọ́ òfin mú Ojukwu àti àwọn tó tẹ̀ lé e ni. Ọlọ́pàá wo ló ń fi ọkọ̀ ojú omi dí èbúté pa? Kí oṣù náà tó parí, wọ́n ti kó sójà gba orí òkun lọ sí Bonny lábẹ́ Benjamin Adekunle. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi wà níbẹ̀. Bàbá yẹn kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n máa ń sọ fún wa pé kò sẹ́ni tó kó ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ lé àwọn lọ́wọ́ pé kí àwọn lọ fi mú arúfin. Ìbọn àti ọta ni wọ́n kó fún wọn, àwọn tí wọ́n jọ wọkọ̀ tí kò padà wálé sì pọ̀.

Ẹ̀rí tó tó mi jù lọ rèé. Ìjọba Gowon tó ń pè é ní iṣẹ́ ọlọ́pàá ló tún fún àwọn sójà rẹ̀ ní ìwé ìlànà lóṣù Keje yẹn kan náà. Ìwé náà ní kí wọ́n bọ̀wọ̀ fún àdéhùn Geneva, ìyẹn òfin àgbáyé lórí ohun tí àwọn ọmọ ogun gbọ́dọ̀ ṣe àti èyí tí wọn ò gbọdọ̀ ṣe lójú ìjà. Ó ní wọn ò gbọdọ̀ pa ọmọ ogun tó bá juwọ́ sílẹ̀, kí wọ́n gba ohun ìjà ọwọ́ rẹ̀, kí wọ́n sì tọ́jú rẹ̀ bí ẹlẹ́wọ̀n ogun. Ẹlẹ́wọ̀n ogun! Níbo ni wọ́n ti fẹ́ rí i bí kò bá sí ogun?

Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kẹjọ ni Victor Banjo kó ọmọ ogun Biafra sọdá afárá Niger, wọ́n gba Benin lọ́jọ́ náà gan-an, wọ́n sì kọrí sí Ore. Ìgbà yẹn ni Gowon tó yí ohùn padà, tó ní ogun gidi ló kù. Ṣé ọjọ́ yẹn ni àwọn tó ti kú sí Nsukka láti oṣù Keje ṣẹ̀ṣẹ̀ wá di òkú ogun?

Òfin àgbáyé ti kúrò nídìí àríyànjiyàn yìí láti ọdún 1949. Abala kejì àdéhùn Geneva kan ogun tí wọ́n kéde àti ìjà ológun yòówù tó bá wáyé láàárín orílẹ̀-èdè, bí ọ̀kan nínú wọn tilẹ̀ ní òun ò kà á sí ogun. Abala kẹta wá mú ìjà abẹ́lé bíi tiwa.

Wọ́n á ní Amẹ́ríkà ńkọ́? Amẹ́ríkà kò kéde ogun mọ́ láti oṣù Kẹfà ọdún 1942. Truman tó jẹ́ Ààrẹ wọn náà gbà pé iṣẹ́ ọlọ́pàá ni ti Korea, àwọn ọmọ Amẹ́ríkà tó kú nínú rẹ̀ sì lé ní 36,000. Orúkọ tó lé ní 58,000 ló wà lára ògiri ìrántí Vietnam ní Washington.

Ó dáa, ìkéde ní iṣẹ́ tirẹ̀. Abala karùn-ún òfin ìpìlẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 1999 ní Ààrẹ kò gbọ́dọ̀ kéde ogun sí orílẹ̀-èdè mìíràn àfi bí ilé aṣòfin méjèèjì bá jókòó pọ̀ tí wọ́n fọwọ́ sí i. Ṣùgbọ́n kí wọ́n ka ohun tó tẹ̀ lé e. Ó ní kò gbọdọ̀ rán ọmọ ogun lọ jà lẹ́yìn odi láìgba àṣẹ Sẹ́nétì. Àwọn tó kọ ọ́ mọ̀ dájú pé wọ́n lè kó sójà lọ jà láìkéde ohunkóhun, wọ́n sì fi ìdè sí ìyẹn náà. Kódà bí ewu bá ń bọ̀ lójijì tí Ààrẹ sì rán wọn lọ, ọjọ́ méje péré ló ní, láti ìgbà tí ìjà bá ti bẹ̀rẹ̀, láti lọ wá àṣẹ Sẹ́nétì.