Ẹ dojú kóńgò dé ká wò ó

Ẹ má bẹ̀ mí lónìí o.

Oṣù mẹ́ta ni mo fi ń kọ ímeèlì sí ọ̀gá kan nítorí ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde. Wọ́n ka iye ìgbà tí àwọn onímọ̀ ilẹ̀ wa ń tọ́ka sí iṣẹ́ ara wọn. Nísàlẹ̀ ìwé náà, wọ́n kọ ọ́ gbàgàdà pé ẹni tó bá fẹ́ déta àti kóòdù (àṣẹ tí wọ́n kọ fún kọ̀ǹpútà) tí àwọn fi kà á, kó béèrè. Mo béèrè, wọn ò fèsì. Mo tún béèrè, mo fi "ẹ jọ̀wọ́ sà" méjì síwájú, mẹ́ta sẹ́yìn. Ìgbà tí mo pè wọ́n ni wọ́n ní, "Kí lo fẹ́ fi ṣe? Ṣé o ò gbà mí gbọ́ ni?"

Mo gbà yín gbọ́ sà. Mo kàn fẹ́ tún un kà ni.

Ni mo bá jókòó ní Tanke, n'Ílọrin níbí, jẹnẹrétọ̀ ará ilé kejì ń han mọ́ mi létí, mo ń fa orúkọ àwọn onímọ̀ náà jáde látinú OpenAlex, àkójọ ìwé ìwádìí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì tó jẹ́ ọ̀fẹ́, kí n lè fúnra mi kà á. Iye tí mo rí kò bá tiwọn mu rárá. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣiṣẹ́ yìí ti mọ ibi tó ti ń rí bẹ́ẹ̀: orúkọ. Kọ̀ǹpútà ò mọ̀ pé Adébáyọ̀ tó lámì àti Adebayo tí kò lámì lè jẹ́ ẹnì kan náà. Kódà ọ̀ tó lámì lókè àti nísàlẹ̀, ọ̀nà tí wọ́n ń gbà tọ́jú ẹ̀ sínú ẹ̀rọ ju ẹyọ kan lọ. Lójú wa ọ̀kan ni, lójú ẹ̀rọ méjì ni. Ká má tíì sọ ti obìnrin tó fi orúkọ bàbá rẹ̀ kọ ìwé mẹ́ta, tó wá lọ́kọ ní Ọ̀fà, tó ń fi orúkọ ọkọ kọ ìyókù. Ìtọ́kasí rẹ̀ ti pín sọ́nà méjì nìyẹn. Ẹni tó bá so irú orúkọ bẹ́ẹ̀ pọ̀, inú kóòdù la ti máa rí bó ṣe so ó.

Ọ̀gá yẹn á ní inú Scopus, àkójọ ìwé ìwádìí mìíràn, làwọn ti mú tàwọn, owó làwọn fi gba déta ibẹ̀, àwọn ò lẹ́tọ̀ọ́ láti pín in. Ó dáa. Kóòdù ńkọ́? Àtọdún 2013 ni Zenodo, ibi ìkó-nǹkan-ìwádìí-sí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ti ń gba irú ẹ̀ pa mọ́ lọ́fẹ̀ẹ́.

Lọ́dún 2013 yẹn náà, akẹ́kọ̀ọ́ ni Thomas Herndon ní Amẹ́ríkà nígbà tó tọrọ fáìlì Excel tí Reinhart àti Rogoff, àwọn onímọ̀ ọrọ̀-ajé méjì, fi ṣírò ọ̀rọ̀ gbèsè àwọn orílẹ̀-èdè. Ọ̀jọ̀gbọ́n Harvard ni wọ́n o, wọ́n sì fún un. Òun ló rí i pé wọ́n ti fo orílẹ̀-èdè márùn-ún nínú ìṣirò náà.

Bí mo bá fura sí ìyá onígàrí lọ́jà Ìpàtà, màá ní kí wọ́n dojú kóńgò dé kí n wo ìdí ẹ̀. Wọ́n lè bú mi, ṣùgbọ́n wọ́n á dojú ẹ̀ dé.

Àfi bí àbúrò kan ní Òmù-Àrán ṣe kọ̀wé sí mi lánàá, ó ní kí n jọ̀ọ́ fi kóòdù tèmi ránṣẹ́. Mo ṣí i. Mo rí ibi tí mo ti fọwọ́ ara mi so orúkọ méjì pọ̀ torí pé mo mọ àǹtí náà, wọ́n kọ́ mi níwèé. Àwọn tí mi ò mọ̀ rí ńkọ́? Ta ló so tiwọn pọ̀?

Mo ní kó fún mi ní ọ̀sẹ̀ kan.